Ìwé Kékeré Inú Agolo

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo máa ń jáde,
bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, bírò lẹ́yìn etí,
fóònù lọ́wọ́ bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀ tó kún.
Ìbídùn àbúrò mi ní, "Àgbà obìnrin!
Ìwọ lò ń wá agolo mílíìkì kiri Èkó?"
Mo ní kì í ṣe agolo.
Ẹni tó fi pamọ́ ni mò ń wá,
ẹni tí kò mọ̀ mí rí,
tó sì ti rò ó pé mo ń bọ̀.

Mo fẹ́ràn ọgbà rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́ta,
níbi tí bàbá wa ti fi ọgbọ̀n ọdún lu irin.
Ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ kan dúró síbẹ̀ bí ẹni ta gbòǹgbò,
koríko ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá sí òdì kejì.
Nínú igi máńgòrò kẹta, nínú ihò tí ẹyẹ àkókó gbẹ́,
ìgò kan wà: kọ́bọ̀ kan, tíkẹ́ẹ̀tì tó ti pọ́n,
bọ́tìnnì aṣọ iṣẹ́.
Òfin eré náà ni pé kí o mú ọ̀kan, kí o fi òmíràn dípò.
Mo mú bọ́tìnnì.
Mo fi kọ́kọ́rọ́ ilé wa àtijọ́ sílẹ̀,
ilé tí kò sí mọ́.

Ní Pópó Àgùdà, ilé gíga a máa da fóònù lójú rú,
a ní kí n wọ yàrá ẹni ẹlẹ́ni.
Ìyá kan yọjú lójú fèrèsé:
"Kí lò ń wá nídìí ògiri mi?"
Mo ní òrùka mi ló já bọ́. Irọ́ ni.
Ló bá sọ̀kalẹ̀, ó ká ìró sókè, ó bá mi wá a
títí ilẹ̀ fi ṣú.
Títí dòní, bí mo bá kọjá,
á ní, "Ṣé o ti rí i?"
Ojú a tì mí. Mo tún máa ń kọjá.

Ṣùgbọ́n etí ọ̀sà ní Akọka
ni ọkàn mi máa ń fà sí jù.
Oṣù Ẹrẹ̀nà ni mo fi agolo tèmi síbẹ̀,
nídìí igi furúùtù, mo fi ọ̀rá dúdú méjì wé e.
Oṣù Agẹmọ ni mo padà dé, mo bá èrò.
"Ẹbọ ni!"
"Bọ́ǹbù ni, ẹ sún sẹ́yìn!"
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti gbé kẹrosíìnì dé.
N kò lè sọ pé èmi ni mo ni ín,
ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu.

Bàbá Sẹ̀wánú, apẹja, ló là wọ́n kọjá.
"Ta ló ń fi ọ̀rá méjì wé ohun tí kò ní padà wá wò?
Omi kún ní Òkúdù, mo gbé e sínú ọkọ̀ mi.
Omi fà, mo dá a padà sójú ẹ̀."
Ó wò mí. Ó ti mọ̀.

Nígbà tí èrò túká, a ṣí i.
Orúkọ mẹ́rin ló wà nínú ìwé náà,
ọmọ yunifásítì ni gbogbo wọn, bí mo ti rò ó.
Lẹ́yìn ìyẹn, ìtẹ̀ka, ìtẹ̀ka, ìtẹ̀ka,
ọ̀dà tí wọ́n fi ń dí ọkọ̀ ni ó fi tẹ̀ ẹ́.
"Ọmọ ọmọ mi ló kà á fún mi
pé kí ẹni tó bá rí i kọ orúkọ.
Èmi ò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n mo rí i."
Ìwọ̀ ẹja kan wà nísàlẹ̀ agolo,
ó fi èèpo àgbọn bo ẹnu rẹ̀
kó má baà gún ẹni tó ń bọ̀.

Ìbídùn bi mí lálẹ́ pé kí ni mo rí.
Mo na àtàǹpàkò sí i:
ó dúdú,
ọṣẹ kò ì tíì ràn án.